Ìlò àti Òfin Ilé-iṣẹ́ Translator FM ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ rédíò àti ẹ̀yin olùgbọ́ tí ẹ pa iṣẹ́ tì wá síbí, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi lónìí ni kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn translator FM ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn rédíò kan tó sì ń tún un sọ: ohun tí ìjọba tìtorí rẹ̀ dá wọn sílẹ̀, òfin tó dè wọ́n, àti ohun tí àwọn èèyàn ti sọ wọ́n dà. Ibi tí mo dúró sí nìyí, kí ó má baà di pé mo ń fi í pa mọ́: torí olùgbọ́ tó wà nítòsí, tí kò sì gbọ́ rédíò àdúgbò rẹ̀ dáadáa, ni wọ́n ṣe dá translator sílẹ̀. Olùgbọ́ yẹn ló yẹ kí a fi wọn gbogbo ìlànà tí ìjọba bá gbé jáde lórí rẹ̀.

Translator kò ní olóòtú, kò ní yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, kò sẹ́ni tó ń ka ìròyìn níbẹ̀. Bí ẹ bá lọ wo ọ̀kan, àpótí ẹ̀rọ lẹ máa bá nínú ilé kékeré kan lórí òkè tàbí nídìí òpó, pẹ̀lú eriali kan tó ń gba ohùn wọlé àti òmíràn tó ń gbé e jáde. Orí ìkànnì kan ló ti ń gbọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń sìn, orí ìkànnì mìíràn ló sì ti ń tún un sọ. Booster, ẹ̀rọ mìíràn tó jọ ọ́, ní tirẹ̀ kì í kúrò lórí ìkànnì ọ̀gá rẹ̀. Agbára tó pọ̀ jù tí òfin gbà fún translator ni 250 wáàtì, nígbà tí ilé-iṣẹ́ FM tó lágbára jù lè lo 100,000. Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ wo orúkọ tí ìjọba fún un: lẹ́tà K tàbí W ló ṣáájú, nọ́ńbà ìkànnì rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́tà méjì sì kẹ́yìn. Èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W250, orí ìkànnì 250 ló wà, ìyẹn 97.9 MHz lójú rédíò yín.

Ọdún 1970 ni Àjọ FCC, tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí translator FM. Ti tẹlifíṣọ̀n ti wà ṣáájú, láti 1956. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ ṣe rí ní Utah, Colorado, Idaho tàbí Montana á mọ ìdí rẹ̀. Ìgbì FM kì í pẹ́ òkè sílẹ̀. Ọ̀nà tààrà ló fẹ́ràn. Ìlú kékeré kan lè wà láàárín àfonífojì, kí òpó rédíò ńlá má jìnnà sí i rárá, kí ó má sì gbọ́ nǹkan kan ju ariwo ṣáṣá lọ, torí pé òkè wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá gbé translator sí orí òkè náà, tí ó ń wo òpó lápá kan, tí ó sì ń wo ìlú lápá kejì, ìlú náà á gbọ́. Ohun tí òfin kọ sílẹ̀ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ran ìgbọ́ lọ́wọ́ níbi tí ọ̀nà jíjìn tàbí òkè kò ti jẹ́ kí ohùn ilé-iṣẹ́ FM dé bó ṣe yẹ. Ìlànà yẹn ṣì wà nínú Apá 74 ìwé òfin FCC títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n ti fi kún un.

Torí pé ìrànlọ́wọ́ ló jẹ́, ipò ẹ̀yìn ni òfin fi í sí. Àyálégbé tí onílé lè sọ fún nígbàkigbà pé kó palẹ̀ mọ́ ni translator. Kò gbọdọ̀ dí ohùn ilé-iṣẹ́ rédíò tó ní ìwé àṣẹ kíkún lọ́wọ́, bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá sì dí i lọ́wọ́, kò lẹ́nu ẹjọ́. Bí ilé-iṣẹ́ tuntun bá gba àṣẹ lórí ìkànnì rẹ̀ tàbí èyí tó sún mọ́ ọn, translator ló máa wá ibòmíràn lọ. Kò tún gbọdọ̀ dá ètò tirẹ̀ ṣe. Ìkìlọ̀ pàjáwìrì nìkan ni òfin yọ̀ǹda fún un, àti ìṣẹ́jú-àáyá 30 láàárín wákàtí kan láti tọrọ owó ìtìlẹ́yìn tàbí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣètọrẹ. Ó sì gbọ́dọ̀ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tún ohùn rẹ̀ sọ.

Fún ogún ọdún, ètò yìí rìn láìsí ariwo púpọ̀. Nígbà tó di 1990, FCC rí i pé àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ti ń fi translator na ọwọ́ wọn dé ìlú àwọn ẹlòmíràn láti lọ kó owó ìpolówó níbẹ̀, ni wọ́n bá fa ìlà. Translator tó wà láàárín ibi tí ohùn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò náà ti dé tẹ́lẹ̀, tó kàn ń dí àlàfo, ilé-iṣẹ́ náà lè ní in. Èyí tó bá wà ní ìta ààlà yẹn, kò gbọdọ̀ jẹ́ tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ná owó lé e lórí. Ti ìta ààlà yìí náà ni agbára rẹ̀ ń dín kù bí eriali rẹ̀ bá ṣe ń ga sí i, ìwọ̀n náà sì le ní ìlà-oòrùn odò Mississippi ju ìwọ̀-oòrùn lọ. Èyí tó ń dí àlàfo lè lo 250 wáàtì ibikíbi tí eriali rẹ̀ ì báà ga dé. Mo gbà pé ìlà yẹn tọ́. Ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré tó ń ti inú ìlú rẹ̀ jẹun, ìpolówó ọjà àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìlú náà ló gbé e ró. Bí àjèjì bá fi àpótí ẹ̀rọ kan gba ìpolówó yẹn láìgba òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo síbẹ̀, ìròyìn ìlú náà ló máa kọ́kọ́ kú.

Ṣùgbọ́n FCC ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe ti òwò, tí wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ FM láàárín 88 sí 92 MHz, lè fi sátẹ́láìtì bọ́ translator tiwọn tó wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní etíkun lè tipa bẹ́ẹ̀ máa sọ̀rọ̀ nínú ìlú tó jìnnà sí i ní ẹgbẹ̀rún máìlì, láìjẹ́ pé ohùn tirẹ̀ gan-an dé ìdajì ọ̀nà. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹlẹ́sìn ló lo àǹfààní yìí jù, wọ́n sì kọ́ translator káàkiri orílẹ̀-èdè. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń wàásù. Àwọn tó ń gbọ́ wọn pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń fi owó ara wọn ṣètìlẹ́yìn. Ohun tí mò ń sọ ni pé èyí kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ fún rédíò tó wà nítòsí mọ́. Ìkànnì tí ó gbà, ẹlòmíràn kò lè gbà á mọ́.

Ẹni tó fẹ́ mọ bí èyí ṣe le tó, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Kẹta ọdún 2003. FCC ní kí ẹni tó bá fẹ́ translator tuntun kọ̀wé wá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìwé tó wọlé lé ní 13,000. Àwọn ilé-iṣẹ́ mélòó kan tó so mọ́ ara wọn ló fi ju 4,000 lọ ránṣẹ́ nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun mọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìlú tó ń fẹ́ gbọ́ òun. Nígbà tí àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ ló di ọjà tí wọ́n ń tà fún ẹni tó bá lówó, láìtíì gbé ẹ̀rọ kankan sórí òpó. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni FCC dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Àwọn wo ni èyí dùn jù? Ọdún 2000 ni FCC dá LPFM sílẹ̀, rédíò aládùúgbò tí agbára rẹ̀ kò ju 100 wáàtì lọ, tí ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ àdúgbò tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè dá sílẹ̀, láìsí ìpolówó. Kí ọdún yẹn tó parí, Ilé Aṣòfin ṣòfin pé LPFM gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé-iṣẹ́ ńlá ní ìkànnì mẹ́ta, èyí sì tì í jáde kúrò nínú ọ̀pọ̀ ìlú ńlá. Òfin jíjìnnà yẹn kò de translator tó lè lo 250 wáàtì. Ẹ̀rọ tí kò lè sọ gbólóhùn kan fúnra rẹ̀ ráyè wọ ìlú. Àwọn ará ìlú tó fẹ́ jókòó sí ìdí maikirofóònù kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìdìbò àti ilé-ìwé ọmọ wọn kò ráyè. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ rédíò aládùúgbò bá èyí jà fún ọdún mẹ́wàá kí òfin tuntun tó dé. Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹrin Oṣù Kìíní ọdún 2011. Ó yọ ìdènà ìkànnì mẹ́ta náà kúrò, ó ní kí FCC rí i dájú pé ìwé àṣẹ wà fún translator àti LPFM pẹ̀lú, kí ó máa wo ohun tí àdúgbò nílò, kí àwọn méjèèjì sì wà ní ipò kan náà lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ìyẹn ló jẹ́ kí FCC fi gbèdéke sí iye ìwé tí ẹnì kan lè dì mú nínú àwọn ti 2003, kí ó sì ráyè fún LPFM tuntun ní 2013. Nínú gbogbo òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí, gbólóhùn tó ní kí a wo ohun tí àdúgbò nílò ni mo fẹ́ràn jù, torí pé Ilé Aṣòfin ló sọ ọ́, FCC kò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ AM, torí ibẹ̀ ni translator ti ṣe iṣẹ́ rere tó pọ̀ jù lójú mi.

Ìgbì AM ń bá ariwo iná mànàmáná jà lójoojúmọ́. Gílóòbù LED, ṣájà fóònù, kọ̀ǹpútà, wáyà iná ojú títì, gbogbo wọn ló ń da ariwo sí i. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ìṣòro mìíràn á tún dé: ìgbì AM á lọ kan òfuurufú lókè, á sì padà bọ́ sílẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì, á wá máa pàdé ohùn àwọn ẹlòmíràn tó wà lórí ìkànnì kan náà. Nítorí èyí, FCC ní kí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ AM dín agbára wọn kù bí oòrùn bá wọ̀, àwọn mìíràn sì gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ wọn pátápátá títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ìpínlẹ̀ àríwá nínú oṣù Kejìlá, tí oòrùn ń wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù níbòmíràn. Àsìkò tí àwọn èèyàn ń wakọ̀ lọ sílé gan-an ni ohùn ìlú wọn ń kú. Ìdíje bọ́ọ̀lù ilé-ìwé gíga, tí òbí àti ẹbí fẹ́ gbọ́ ju ohunkóhun lọ, alẹ́ ni wọ́n ń gbá a. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú, alẹ́ ni. Ìkéde pé ilé-ìwé kò ní ṣí nítorí yìnyín, ìdájí ni wọ́n nílò rẹ̀, kí oòrùn tó yọ.

Ọdún 2009 ni FCC gbà kí translator FM máa tún ohùn AM sọ. Àwọn translator tó ti wà nílẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ yọ̀ǹda, ohùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ AM náà ketekete lọ́sàn-án tàbí máìlì 25 sí òpó rẹ̀, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Ní 2017 wọ́n yí i padà sí èyí tó bá fẹ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ AM tó gbọ́dọ̀ dákẹ́ lálẹ́ lè máa bá ètò rẹ̀ lọ lórí translator nígbà tí AM bá ti sùn, ìgbà yìí sì ni òfin fi gbà pé kí translator gbé ohun tí kò sí lórí afẹ́fẹ́ níbòmíràn jáde. Mignon Clyburn, nígbà tó di alága FCC fún ìgbà díẹ̀ ní 2013, ló bẹ̀rẹ̀ ètò ìsọjí AM. Ajit Pai, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn kọmíṣọ́nà FCC nígbà náà, sì wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn jù. Ìlànà Oṣù Kẹwàá ọdún 2015 jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ AM ra translator kan láti ibi tó jìnnà tó máìlì 250 kí ó sì gbé e wá sí ìlú tirẹ̀ ní 2016. Ó gbọ́dọ̀ fi sin AM náà fún ọdún mẹ́rin ó kéré tán. Lẹ́yìn èyí, ní 2017 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2018, àwọn tí kò rí rà kọ̀wé fún tuntun. Àwọn tuntun yìí kò ṣeé tà lọ́tọ̀: AM tó gbà á ni wọ́n so wọ́n mọ́ títí láé. Ìdè yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Òun ni kò jẹ́ kí ìtàn 2003 tún ara rẹ̀ sọ.

Ṣé gbogbo rẹ̀ ló dára? Rárá o. Lónìí, translator àti booster ní Amẹ́ríkà lé ní 8,000, àwọn LPFM tó bá ń wá àyè nínú ìlú sì ń bá wọn du ìkànnì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tún ní ọgbọ́n mìíràn. FM tó ní HD Radio, ìyẹn ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ dígítà, lè gbé ìkànnì kejì àti ìkẹta tó jẹ́ pé rédíò HD nìkan ló lè gbọ́ ọ. Wọ́n á wá fi ìkànnì kejì yẹn bọ́ translator, wọ́n á fún un ní orúkọ àti àmì tirẹ̀, olùgbọ́ á sì rò pé rédíò tuntun ló dé ìlú. Òfin kò ka translator mọ́ iye ilé-iṣẹ́ rédíò tí ẹnì kan lè ní nínú ìlú kan. Èrò mi ni pé ó yẹ kí wọ́n kà á, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti ń tà á bí ilé-iṣẹ́ tó dá dúró.

Bí translator ṣe ń pọ̀, ẹjọ́ ń pọ̀. Ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ó gbé ti aláròyé: olùgbọ́ tí wọ́n bá dí rédíò tó fẹ́ràn lọ́wọ́ kì í dákẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀sùn olùgbọ́ kan ṣoṣo tó bá jẹ́ òótọ́ tó láti mú translator kúrò lórí afẹ́fẹ́, ibikíbi tí olùgbọ́ náà ì báà wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa fẹjọ́ sùn kiri, àwọn tó ni translator náà sì ń wá ọ̀nà láti já ẹ̀sùn sí irọ́. Ẹni tó ni AM kékeré, tó ti fi gbogbo ohun tó ní ra translator lè jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní kó pa ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìlànà tí FCC gbé jáde ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2019 gbìyànjú láti tọ́ èyí. Ní báyìí, ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ tó mẹ́fà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí iye èèyàn tí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dí lọ́wọ́ bá ń sìn. Olùgbọ́ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, kí ó sọ ibi tí ó ti ń gbọ́ ìdílọ́wọ́, kí ó jẹ́rìí pé òun ń gbọ́ ilé-iṣẹ́ náà lórí afẹ́fẹ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kí ó sì má ní àjọṣe owó tàbí ti òfin pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ìlà 45 dBµ (ìwọ̀n agbára ìgbì) ilé-iṣẹ́ náà, níbi tí ohùn ti rẹlẹ̀ gan-an, wọn kì í sábà ka ẹ̀sùn rẹ̀ mọ́. Translator tó bá sì kó sínú ìṣòro lè ṣí lọ sí ìkànnì èyíkéyìí tó bá ṣófo láìdúró de àsìkò ìforúkọsílẹ̀ tuntun. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dùn mọ́ mi jù, torí pé ó ń parí ìjà láìpa ẹnì kankan lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ìlà 45 dBµ náà ń dùn mí fún àwọn olùgbọ́ ìgbèríko. Ní ìgbèríko tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, àwọn èèyàn ń gbọ́ rédíò dáadáa kọjá ìlà yẹn, nígbà mìíràn òun nìkan ló sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àyè díẹ̀ tí FCC fi sílẹ̀ fún irú wọn le púpọ̀ láti bá wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú láti ní translator, nǹkan díẹ̀ rèé kí ẹ tó náwó. Ìwé àṣẹ tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dákẹ́ fún oṣù méjìlá léraléra, òfin ló máa pa á fúnra rẹ̀. Orúkọ translator gbọ́dọ̀ máa jáde: ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ló máa fi àmì Morse gbé e jáde ní wákàtí wákàtí, tàbí kí ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń sìn kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, nǹkan bí aago kan ọ̀sán, àti láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ tó rà, ẹ gbé rédíò inú ọkọ̀ yín káàkiri gbogbo ààlà tí ohùn rẹ̀ máa dé, lórí ìkànnì tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ gbọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú yín. Máàpù kì í sọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò. Òfin ní translator tó ń sin AM kò gbọdọ̀ máa bá a lọ lálẹ́ bí AM náà kò bá ti ṣiṣẹ́ rárá láàárín wákàtí 24 tó kọjá. Àwọn oníṣẹ́ AM kan ń ráhùn pé owó iná pọ̀, pé òpó wọn ti gbó, pé orí FM ni gbogbo olùgbọ́ wọn wà. Wọ́n fẹ́ kí FCC gbà wọ́n láyè láti pa AM kí wọ́n sì di translator mú. Mo mọ ìrora wọn, owó tí wọ́n ń sọ kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀ n kò fara mọ́ ọn. 250 wáàtì ń sin àárín ìlú. AM ló ń dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn òkè, ọ̀dọ̀ awakọ̀ tó wà lójú ọ̀nà nígbà tí ìjì líle bá ń bọ̀. Bí wọ́n bá tú ìdè yẹn, olùgbọ́ tí kò gbọ́ dáadáa, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá translator sílẹ̀ ní 1970, ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé kúrò. Bí FCC bá tún béèrè èrò aráàlú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ má kàn sọ pé ẹ fẹ́ràn AM. Ẹ kọ orúkọ ojú ọ̀nà tí ẹ ti ń gbọ́ ọ, aago tí ẹ ń gbọ́ ọ, àti ibi tí ohùn translator ti máa ń já mọ́ yín létí.